Ta ló ń roko, ta ló ń kórè? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwọn tó ń kọ sọ́ftíwíà lọ́fẹ̀ẹ́

Àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù nílùú Abẹ́òkúta jókòó tì mí lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì da ìbéèrè bò mí. Ọ̀rọ̀ sọ́ftíwíà open source ló rú wọn lójú, ìyẹn àwọn tí kóòdù wọn wà ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni lè kà, kó lò ó, kó sì tún un ṣe. Báwo ni àwọn tí kò fojú kan ara wọn rí ṣe ń jọ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ?

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í gbowó?

Àwọn kan ń gbà. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń sanwó oṣù fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ Linux, sọ́ftíwíà ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà, lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Linus Torvalds kéde rẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Helsinki, ohun tó kàn fi ń najú ló pè é. Títí dòní, àìmọye sọ́ftíwíà kéékèèké ló wà lọ́wọ́ ẹni kan tàbí méjì, tí wọ́n ń ṣe é lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Ẹ̀gbá. Àáró ni. Ìtàn sọ fún wa pé àáró ni Lísàbí fi kó àwọn èèyàn wa jọ, kó tó di pé wọ́n gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́. Lónìí ẹ wá sóko mi, lọ́la mo wá sí tiyín. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń wá. Nínú àáró, ẹni tó bá máa jàǹfààní ní láti gbé ọkọ́ wá. Nínú sọ́ftíwíà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń kórè, ẹni méjì ló ń roko.

Bí kò bá sówó tí wọ́n ń pín, kí ló wá ń fa ìjà?

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ò rí ojú rẹ̀, tó ò gbọ́ ohùn rẹ̀, ohun tó kọ láìbínú lè jọ èébú lójú rẹ. Torvalds fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí àwọn tí kóòdù wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ó tọrọ àforíjì ní gbangba, ó sì fiṣẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó lè lọ kọ́ bí a ṣe ń bá èèyàn lò.

Èmi náà jẹ̀bi rí. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe ètò kékeré kan tó ń bá èèyàn fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ọmọkùnrin kan fi àtúnṣe ránṣẹ́, àṣìṣe wà nínú rẹ̀, mo sì fèsì pé: "Kò dáa. Lọ kà á dáadáa." Kò padà wá mọ́. Nígbà tí mo fara balẹ̀ wò ó, ìlà kan péré ni kò tọ̀nà. Ní báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ sọ ibi tó dára, lẹ́yìn náà ni mo máa tọ́ka síbi tí àṣìṣe wà, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ta ló láṣẹ láti sọ pé "ó tó gẹ́ẹ́"?

Kálukú ló ní tirẹ̀. Àwọn Debian, tó ń kó Linux àti sọ́ftíwíà mìíràn jọ fún ìlò, ní ìwé òfin, wọ́n sì ń dìbò yan olórí lọ́dọọdún. Ní ti Python, èdè kan tí a fi ń kọ kóòdù, Guido van Rossum tó dá a sílẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn, títí di oṣù Keje ọdún 2018, nígbà tí awuyewuye lórí àmì kékeré kan sú u, tó ní òun ò ṣe olórí mọ́. Ní 2019, wọ́n dìbò yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìjà tó dé. Ẹ wo àwọn ọba Abẹ́òkúta: Aláké wà, Ọ̀ṣilẹ̀ wà, Àgùrà wà, Olówu wà, kálukú sì mọ ibi tí tirẹ̀ dé.

Ṣé nǹkan bàbàrà ni pé ó rẹ ẹnì kan?

Nǹkan bàbàrà ni. Ẹ gbọ́ ìtàn xz, sọ́ftíwíà kan tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bójú tó o láìgbowó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i pé ó ń falẹ̀ jù. Ó ṣàlàyé pé ara òun kò fi bẹ́ẹ̀ yá ní ti ọpọlọ, àti pé òun kì í gbowó lórí iṣẹ́ náà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ń ràn án lọ́wọ́ tìfarabalẹ̀-tìfarabalẹ̀, fún ohun tó ju ọdún méjì lọ, títí ó fi gba kọ́kọ́rọ́, ìyẹn àṣẹ láti yí kóòdù náà padà. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ló dá sínú rẹ̀, kó lè máa wọ kọ̀ǹpútà olókọ̀ǹpútà. Lóṣù Kẹta ọdún 2024, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Andres Freund rí i pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà òun ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tú u wò, àṣírí sì tú.

Kì í ṣe àìmọ̀kan ló ṣílẹ̀kùn yẹn. Àárẹ̀ ni. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí pé ẹnikẹ́ni nínú àwa tó ń lò ó ì bá ti béèrè pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, kí la lè bá yín ṣe?"

Kí wá ni kí ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa ṣe?

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èèyàn méjì, ó kéré tán, ló ń mú kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n sì jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ ti mọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ sinmi oṣù méjì, ẹ má ṣe bi í ní ìdí. Iná lè lọ ládùúgbò ẹnì kan, dátà sì lè tán lọ́wọ́ ẹlòmíì, torí náà ẹ jọ fẹnu kò sí iye ọjọ́ tí ẹ máa dúró kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan kò fèsì.

Ẹ tún wo àwọn oní-àdìrẹ Ìtòkú. Ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sórí aṣọ lè má jẹ́ ẹni tó máa rẹ ẹ́ sínú aró, síbẹ̀ kò sí àdìrẹ láìsí àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń kọ àlàyé, ẹni tó ń túmọ̀, ẹni tó ń fi sùúrù dá oníbèéèrè lóhùn, ẹ kọ orúkọ wọn síbi tẹ́ ẹ kọ ti àwọn tó kọ kóòdù sí.

Bí ìjà náà bá kọ̀ tí kò parí ńkọ́?

Kóòdù wà ní gbangba, ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn lè gbé e, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Báyìí ni LibreOffice, sọ́ftíwíà tí a fi ń kọ̀wé, ṣe yà kúrò lára OpenOffice.org ní 2010. Ní ìparí 2014, àwọn kan kúrò nínú Node.js, sọ́ftíwíà kan tó ń mú kóòdù JavaScript ṣiṣẹ́, wọ́n dá io.js sílẹ̀. Wọ́n tún padà di ọ̀kan ní 2015, lẹ́yìn tí wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí wọ́n á ṣe máa ṣe ìpinnu.

Ọmọkùnrin tẹ́ ẹ lé lọ yẹn, ṣé ẹ ti wá a lọ?

Mo kọ̀wé sí i lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo ní kó má bínú, èmi ni mo ṣìwà hù. Mo sì ti fi orúkọ rẹ̀ sí àtúnṣe náà, torí òun ló kọ́kọ́ rí àléébù ọ̀hún. Kò tíì fèsì.