Ìwé Tí Kì í Fèsì

Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan tún pè mí pé kí n bá òun fi bọ́tìnnì sínú ìwé tóun fẹ́ fi dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù. Mo ní kí ni bọ́tìnnì ọ̀hún máa ṣe? Ó ní káwọn èèyàn ṣáà rí nǹkan tẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń to ojú ìwé, ẹni tó bá mọ Word ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni èsì tí ìwé máa fún ẹni tó bá ṣì í.

Ẹ wo ìbéèrè yìí: ìyá kan da odindi àpò ORS onílítà kan, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi lítà kan, sínú pure water ẹyọ kan fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ṣé ó tọ́? Ẹni tó bá tẹ "bẹ́ẹ̀ ni," ìwé àwọn oníbọ́tìnnì á pọ́n wẹ̀ẹ̀: "O kùnà." Kí lonítọ̀hún kọ́ níbẹ̀? Tèmi á sọ fún un pé 50cl ni pure water kan, méjì ló yẹ kí ìyá náà lò; bó ṣe ki yẹn, iyọ̀ á pọ̀ jù, á tún máa fa omi kúrò lára ọmọ. Lẹ́yìn náà ló máa bi í pé: bó bá jẹ́ ìgò 75cl ló wà nílé ńkọ́?

Lọ́dún 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan, fi hàn ní Amẹ́ríkà pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò rántí ju àwọn tó kàn ń tún ìwé kà lọ. Torí náà, àwọn tó ń polówó pé ìró àti àwòrán tó ń yí ló ń mú ẹ̀kọ́ wọlé, irọ́ ni wọ́n ń pa gba owó yín. Àwọn kan kó Flash, ètò Adobe tó ń mú kí àwòrán máa yí kó sì máa dún, kún inú PDF nígbà kan. Nígbà tí Adobe pa á tì lópin ọdún 2020, kí ló ṣẹ́ kù níbẹ̀?

Ẹ sì fi fóònù olówó pọ́ọ́kú dán ìwé yín wò kẹ́ ẹ tó pín in. Ilé iṣẹ́ kan gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹni tówó ẹ̀ kéré sí tèmi. Orí WhatsApp ni wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ sí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, fi òru méjì dáhùn ìbéèrè 40. Ibi tó ti ṣí i gbà á láyè láti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò tọ́jú ohunkóhun pamọ́. Òfìfo ni fáìlì tó dá padà. Wọ́n kọ "kò kópa" síwájú orúkọ ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ní kí n wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, màmá fa ìwé nọ́ọ̀tì yọ nínú báàgì. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi wò ó, ṣé mi ò kópa?"

Mo jókòó, mo máàkì í lójú gbogbo wọn. Ó gba 37.