Ìrìn yípo oko káṣú àti igbó tíìkì ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìrìn yípo ni kí èèyàn gba ọ̀nà oko kan jáde nílùú, kó sì gba òmíràn wọlé, láìtún ẹsẹ̀ tẹ ibi tó ti kọjá. Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, inú oko káṣú àti igbó tíìkì ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà, pàápàá lápá ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, Sùúrùlérè àti Ògo-Olúwa. Kì í ṣe ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní orúkọ. Ọ̀nà oko ni gbogbo wọn, ẹni tó ń lọ sóko ló là wọ́n, ẹni tó kàn ń nasẹ̀ sì ń bá wọn rìn.

Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí irú ìrìn yìí ti ń gba inú oko àjàrà àti igbó páìnì, ọ̀dà ni wọ́n fi ń sàmì sára òkúta àti igi kí àlejò má baà ṣìnà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, igi fúnra rẹ̀ ni àmì.

Ilẹ̀ àti ọ̀nà

Àárín Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà, níbi tí igbó ti ń tán tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò le láti rìn: kò sí òkè gíga, odò Ọbà àti àwọn ìṣàn kéékèèké sì máa ń fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀rùn. Ìtàn ìlú náà kò ṣe é yà kúrò lára igi. Ìdí igi àjàgbọn ni wọ́n ní Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, tẹ̀dó sí. Láyé ogun, odi yí ìlú ká, àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn sì wá sá sí i. Ọ̀kadà ti sọ púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ di ọ̀nà fífẹ̀ báyìí.

Káṣú

Káṣú (Anacardium occidentale) kì í ṣe igi ilẹ̀ Yorùbá. Ìlà-oòrùn àríwá Bùràsíl ló ti ṣẹ̀, àwọn Potogí ló sì gbé e kiri ayé. Mọ̀lẹ́bí máńgòrò ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń hù lẹ́yìnkùlé àwọn èèyàn ní Nàìjíríà kí wọ́n tó kà á sí irè olówó. Àwọn ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ ìdàgbàsókè ti ìjọba ẹkùn bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko rẹ̀ ńláńlá, ní Udi àti Oji ní ìlà-oòrùn, àti ní Ìwó, Èrúwà àti apá òkè odò Ògùn ní ìwọ̀-oòrùn.

Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní èso káṣú, èyí pupa tàbí yẹ́lò tó kún fún omi, kì í ṣe èso gan-an. Igi ọrùn òdòdó ló wú. Èso tòótọ́ ni kóró tó so mọ́ ìdí rẹ̀ bíi kíndìnrín. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ẹ̀ka kan ní oṣù kejì á rí i: kóró tútù ti tóbi tán, ọrùn tó gbé e dání ṣì tín-ín-rín. Ìgbà tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kó já ni ọrùn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, tí kóró á sì súnkì díẹ̀. Nítorí náà àgbẹ̀ tó ń ta kóró kì í ká káṣú lórí igi. Ó ń dúró kó já bọ́ fúnra rẹ̀ ni, kó tó lọ ṣà á.

Omi káṣú ní fítámì C tó ju ti ọsàn lọ ní bí ìlọ́po márùn-ún. Omi yìí kan náà ló ń há ọ̀fun, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ. Ní Goa, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, wọ́n ń fi í ṣe ọtí tí wọ́n ń pè ní feni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí wọn kò bá rí mu tàbí rí tà létí títì, ìdí igi ló ń jẹrà sí, nítorí kì í pé ọjọ́ méjì kó tó bàjẹ́. Láàárín oṣù kẹta, òórùn kíkan bí ẹmu àná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn kó tó rí oko. Ìfiṣòfò ńlá ni, lójú ẹni tó bá mọ ohun tó wà nínú omi náà.

Èèpo kóró ní òróró tó ń bó ara. Bí wọ́n bá ń yan án nínú agolo tí wọ́n dá lu, òróró náà á gbiná, èéfín dúdú á sì máa ta ojú. Ẹni tó ń fọ́ ọ á fi eérú pa ọwọ́.

Ìwọ̀n mítà 9 sí mítà 9 ni àwọn onímọ̀ sábà ń dá fún gbígbìn ín, èyí tó fi igi bí 123 sórí hẹ́kítà kan. Kí orí igi tó pàdé ara wọn, àgbẹ̀ ń gbin pákí, àgbàdo tàbí ẹ̀wà sáàárín. Lẹ́yìn náà, òjìji á ṣú, koríko á sì dín kù. Ìdí nìyí tó fi rọrùn láti rìn nínú oko tó ti dàgbà.

Nǹkan kan wà tí arìnrìn-àjò máa ń rí tí kì í sábà bèèrè: ẹ̀ka tó ṣẹ́ sílẹ̀, tí ojú ibi tó ti ṣẹ́ rí róbótó bí ìgbà tí wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ. Kì í ṣe ọwọ́ èèyàn. Analeptes trifasciata ni, kòkòrò oníhámọ́ra dúdú tó ní ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn. Ó ń jẹ èèpo àti igi ẹ̀ka yípo títí á fi ku àárín tíńtín, á yé ẹyin sí apá òkè, afẹ́fẹ́ á sì ṣe ìyókù. Àgbẹ̀ tó bá mọ̀ ọ́n á ṣa ẹ̀ka náà jọ, á dáná sun ún pẹ̀lú ọmọ kòkòrò inú rẹ̀.

Káṣú tún ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀. Ẹni tó gba ilẹ̀ dá oko, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, irè ọdọọdún ni wọ́n sábà ń gbà á láàyè láti gbìn. Igi tó ń so fún ọgbọ̀n ọdún ń jọ ẹ̀rí pé ilẹ̀ ti di tirẹ̀. Bí àlejò bá rí oko káṣú tó ti gbó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí ilẹ̀ ìdílé ló dúró sí. Pèrègún ni wọ́n máa ń gbìn sí ààlà.

Tíìkì

Íńdíà àti Bọ́mà ni tíìkì (Tectona grandis) ti wá. Ọdún 1902 ni wọ́n mú un wọ Nàìjíríà. Àwọn kan ń pè é ní gẹdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo igi tó ṣe é là ní pákó ni orúkọ náà wà fún. Bí a bá fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀ tí kò tíì gbó, ọwọ́ á pọ́n bí ẹni fi kun osùn. Lẹ́ẹ̀rùn ó ń wọ́wé, ewé náà sì fẹ̀, ó gbẹ, ó ń dún. Kò sẹ́ni tó lè yọ́ rìn nínú igbó tíìkì ní oṣù kìíní. Òpó iná àti pákó ni wọ́n ń fi í ṣe.

Ní ti páìnì tí a dárúkọ nílẹ̀ Faransé, igi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà ilé àti ilé-ìwé níhìn-ín, tó máa ń súfèé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, casuarina ni. Kò bá páìnì tan.

Àwọn igi ìbílẹ̀

Kí káṣú tó dé, ẹ̀mí àti igbá ni àgbẹ̀ máa ń dá sí bó bá ń ṣán oko, nítorí òrí àti irú. Wọ́n ṣì wà, ṣùgbọ́n níbi tí káṣú ti gba ilẹ̀ tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dúró. Mọ̀lẹ́bí àjàrà kan tilẹ̀ ń bẹ lójú ọ̀nà yìí: ògbòlò (Cissus populnea), tó ń lọ́ mọ́ igi ní ọ̀dàn, tí àwọn eléwé-ọmọ sì mọ̀ dáadáa.

Ìṣe lójú ọ̀nà oko

Wọ́n ń kí ẹni tó wà lóko pé “Àroko bọ́dún dé o.” Ní oko púpọ̀, ẹni tí ebi tàbí òùngbẹ ń pa lè mu káṣú lábẹ́ igi, kó sì fi kóró sílẹ̀ fún olóko. Ibi tí ààlè bá wà, bíi ìkarahun ìgbín tàbí àkísà pupa tí wọ́n so rọ̀, kí ọwọ́ má kan ohunkóhun.

Àkókò

Oṣù kejì sí ìkẹrin ni káṣú ń so. Lákòókò òjò, koríko ń bo ọ̀nà, ejò sì ń ṣòro rí. Ewu ẹ̀ẹ̀rùn ni iná ìgbẹ́, tó ti jó ọ̀pọ̀ oko káṣú run. Kí ọyẹ́ tó mú ni àgbẹ̀ ti máa ń ro etí oko rẹ̀ yípo kí iná má baà wọlé. Ibi ríro náà mọ́, ó fẹ̀, ó sì ń jọ ọ̀nà lójú àlejò. Ẹni tó bá tẹ̀lé e á kàn yí oko kan ṣoṣo ká ni, títí á fi bá ara rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.