Ìkọlura òǹtẹ̀ lára kọ́ìnì

Ìkọlura òǹtẹ̀ ni àbùkù tó máa ń hàn lára kọ́ìnì nígbà tí irin òǹtẹ̀ méjèèjì tí wọ́n fi ń tẹ owó bá forí gbárí láìsí irin kankan láàrin wọn. Òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gba àpá lára èkejì, gbogbo kọ́ìnì tí wọ́n bá sì fi wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn náà ló máa gbé àpá ọ̀hún, àfi bí wọ́n bá pààrọ̀ òǹtẹ̀ tàbí tí wọ́n ha àpá náà kúrò. Àwọn tó ń kó kọ́ìnì jọ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tó yẹ kí wọ́n kà á sí. Àwọn kan ní àṣìtẹ̀ ni, nítorí pé ẹ̀rọ ló ṣe ségesège. Àwọn mìíràn ní oríṣi kan ni, nítorí pé ara òǹtẹ̀ ni àmì náà wà, kì í ṣe ara ẹyọ owó kan ṣoṣo.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Nínú ẹ̀rọ ìtẹwó, òǹtẹ̀ méjì ló dojú kọra: ọ̀kan gbé àwòrán iwájú kọ́ìnì, èkejì gbé ti ẹ̀yìn. Apá kan ẹ̀rọ náà ló ń ti irin pẹlẹbẹ, tí a kò tíì tẹ nǹkan kan sí, bọ́ sáàrin wọn. Bí irin yìí bá pẹ́ dé tàbí tó bá tán, ẹ̀rọ kì í dúró dè é. Òǹtẹ̀ á kàn gbá òǹtẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó láti fi àpá sílẹ̀, àmọ́ àwọn òǹtẹ̀ kan wà tó forí gbárí léraléra tí àpá wọn fi gorí ara wọn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń rú ni lójú. Àwòrán ara òǹtẹ̀ jìn wọnú ni. Ilẹ̀ rẹ̀ tó tẹ́jú ló yọ jù. Nítorí náà, ilẹ̀ ló ń gbá ilẹ̀. Níbi tí àwòrán bá ti jìn lára òǹtẹ̀ kan, ilẹ̀ òǹtẹ̀ kejì kò rí nǹkan gbá níbẹ̀, ibẹ̀ á sì ga ju àyíká rẹ̀ lọ díẹ̀. Ohun tó máa wá hàn lára kọ́ìnì ni etí àwòrán òdìkejì, bí òjìji, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, pàápàá lẹ́bàá orí tàbí ọrùn ẹni tí wọ́n yà sí i. Bó bá jẹ́ lẹ́tà, á dà bíi pé inú dígí ni a ti ń wò ó.

Àyẹ̀wò

Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí, bí iná bá ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn sí kọ́ìnì náà. Láti mọ ibi tí àpá ti wá, àwọn olùkójọ máa ń ya àwòrán iwájú kọ́ìnì sórí ike tó mọ́ gaara, wọ́n á dojú ike náà dé, wọ́n á sì gbé e lé àwòrán ẹ̀yìn. Bí ìlà méjèèjì bá bára mu, ìkọlura ni.

Àyẹ̀wò yìí ṣe kókó nítorí ayédèrú. Ẹnikẹ́ni lè fi irin ìdìmú fún kọ́ìnì méjì pọ̀ títí tí ọ̀kan á fi tẹ àwòrán sára èkejì. Ibi tó yọ jù lára kọ́ìnì, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí irun, ni ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Ìkọlura gidi kì í kan ibẹ̀, torí pé inú kòtò òǹtẹ̀ ni ibẹ̀ wà.

Àwọn tó gbajúmọ̀

Orí owó fàdákà dọ́là kan tí wọ́n ń pè ní Morgan, èyí tí Amẹ́ríkà tẹ̀ láti 1878 sí 1904 kí wọ́n tó tún tẹ̀ ẹ́ ní 1921, ni ìmọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù. Oríṣi òǹtẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà VAM, tí wọ́n fi orúkọ Leroy Van Allen àti A. George Mallis sọ. Lára àwọn tí ilé ìtẹwó New Orleans tẹ̀ ní 1886, 1889 àti 1891, a rí èyí tí lẹ́tà E, láti inú ọ̀rọ̀ LIBERTY tó wà lórí ọ̀já orí obìnrin iwájú, ti fara hàn lábẹ́ ìrù idì tó wà lẹ́yìn. Lẹ́tà kan ṣoṣo yìí dùn ún wò ju ọ̀pọ̀ àpá ńlá lọ.

Lára ààbọ̀ dọ́là Franklin ti 1955, apá idì ló gba ẹnu Franklin kọjá, tó fi dà bíi pé eyín ehoro yọ níbẹ̀. Orúkọ ehoro inú eré àwòrán, Bugs Bunny, ni wọ́n fi ń pè é.

Èyí tó ṣàjèjì jù ni ti sẹ́ǹtì kan ti 1857 tó ní idì tó ń fò. Àwọn kan lára rẹ̀ gbé àpá àwòrán owó 25 sẹ́ǹtì, ààbọ̀ dọ́là, àní ti owó wúrà 20 dọ́là pàápàá. Ó ṣòro kí òǹtẹ̀ owó méjì tó yàtọ̀ síra pàdé nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi fura pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Nígbà tí wọ́n bá ha àpá náà

Òṣìṣẹ́ tó bá rí àpá lè fi nǹkan ha ilẹ̀ òǹtẹ̀ títí á fi dán. Bó bá ha á jù, àwọn ìlà tí kò jìn lára àwòrán á bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹfọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti 5 sẹ́ǹtì 1937 láti ilé ìtẹwó Denver: ẹsẹ̀ iwájú kan lọ, pátákò rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Irú ìtọ́jú kan náà ni wọ́n ní ó pa lẹ́tà D, tó jẹ́ àmì ilé ìtẹwó Denver, rẹ́ lára àwọn sẹ́ǹtì kan ti 1922, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Denver nìkan ló tẹ sẹ́ǹtì lọ́dún náà.

Àwọn oríṣi mìíràn

Òǹtẹ̀ alámèjì máa ń wáyé nígbà tí wọ́n bá tẹ àwòrán sára òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láìbára mu. Sẹ́ǹtì 1955 ti Philadelphia ló lókìkí jù. Ọdún tí wọ́n tẹ̀ lé ọdún mìíràn tún wà, bíi 10 sẹ́ǹtì 1942 tí 1941 hàn lábẹ́ rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, owó 20 pẹ́ńsì kan jáde ní 2008 láìní ọdún kankan, nítorí pé wọ́n so òǹtẹ̀ iwájú àtijọ́ mọ́ ti ẹ̀yìn tuntun, méjèèjì ni kò sì ní ọdún lára.

Iye

Ìkọlura wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ kì í sì í fi nǹkan kún iye kọ́ìnì. Èyí tó hàn kedere láìlo awò, tó ní nọ́mbà nínú ìwé àkójọ, tí a kò sì fọ̀ tàbí nù dán, ni àwọn olùkójọ máa ń san owó lé.