Iná Tẹ́ ẹ Ń Tàn Sókè Yẹn Ò Mú Ẹran Rọ̀ Kíá

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Gbogbo ìgbà tá a bá fẹ́ se ẹ̀gúsí ẹlẹ́fọ̀ọ́ tá a máa fi jẹ iyán l'Ákùúrẹ́ níbí, ẹnì kan á ṣáà wọ kíṣìnì wá, á wo iná, á ní "ṣé iná tẹ́ ẹ fi ń se ẹran nìyí? Ebi ń pa wá jàre." Á yí gáàsì sókè pátápátá, ìdérí ìkòkò á máa jó, omi á máa dà sórí sítóòfù, ẹran á máa ta káàkiri inú ìkòkò, inú ẹ̀ á wá dùn pé iṣẹ́ ń lọ.

Iṣẹ́ wo ló ń lọ?

Pé ẹran líle ń fẹ́ àsìkò, ìyẹn ò níbèèrè, ẹni tó bá ti se àgbébọ̀ rí mọ̀. Ọ̀rọ̀ omi yìí gan-an ni ò yé wọn. Omi tó bá ti ń hó nínú ìkòkò lásán, ibi tó lè gbóná dé ti parí nìyẹn. 100 ni lórí ìwọ̀n Celsius, àwa tá a ga díẹ̀ ju etí òkun lọ níbí, tiwa ò tiẹ̀ pé bẹ́ẹ̀. Kó máa hó jẹ́jẹ́ o, kó máa hó bíi pé ó fẹ́ la ìkòkò o, ìgbóná kan náà ni. Gáàsì tẹ́ ẹ fi kún un, ooru tó ń rú jáde ló ń bá lọ, omi á gbẹ, ẹ ó tún bu omi tútù sí i, ẹ ó tún máa dúró kó hó.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kan, ó ní irọ́ ni. Mo bá lọ yá tẹ̀mómítà lọ́wọ́ ọmọ yunifásítì FUTA kan, mo tì í bọ inú omi tó ń hó: iná kékeré, 99, iná ńlá, 99. Ó ní tẹ̀mómítà náà ti bàjẹ́.

Ohun tó ń le nínú ẹran ni iṣan funfun yẹn. Ó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, òun náà ló ń jẹ́ kí omi ẹsẹ̀ màálù dì bí ẹ̀kọ tẹ́ ẹ bá gbé e sí fíríìjì mọ́jú. Wákàtí ló ń fẹ́, kò fẹ́ ariwo. Ìhó líle kàn ń fọ́ ara ẹran wẹ́wẹ́ nígbà tí inú ẹ̀ ṣì le. Ẹ̀fọ́ ò gbọdọ̀ tíì débẹ̀ rárá.

Àwọn tó ní pressure pot, tiyín yàtọ̀, torí ooru ò ráyè jáde, ó lè gbóná dé bíi 120. Mi ò sì ní kẹ́ ẹ má tan iná sókè kó tó hó o. Bóyá ìdérí tó wúwo dáadáa náà ń ṣe díẹ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn tí ìkánjú ti gbé dé ìdí paracetamol, tí wọ́n ń jù ú sínú ìkòkò kí ẹran lè tètè rọ̀. NAFDAC ti kìlọ̀ títí, ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ẹ ẹ̀ jọ̀ọ́. Ìbẹ́pẹ tí ò tíì pọ́n ń bẹ lọ́jà Ọba, ẹ rin ín, ẹ fi pa ẹran tútù lára fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó gbé e kaná, torí tó bá ti hó, agbára ẹ̀ ti lọ. Ẹ má sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ o, ẹran á yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.