Rédíò Onífáàfù Márùn-ún: Ohun Tí Yíyọ Tiransifọ́mà Kúrò Bí

Ẹni tó bá tú ẹ̀yìn rédíò orí tábìlì kékeré kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1939, fáàfù márùn-ún (ìgò oníná tó ń ṣiṣẹ́ inú rédíò) ló sábà máa ń bá níbẹ̀, nọ́ńbà wọn kì í sì í yàtọ̀: 12SA7, 12SK7, 12SQ7, 50L6GT àti 35Z5GT. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ lè jẹ́ èyíkéyìí, inú kan náà ni. Àwọn tó ń tún un ṣe sọ ọ́ ní All American Five. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó yan nọ́ńbà wọ̀nyí. Owó ló yàn wọ́n. Àwọn tó ń ṣe rédíò ń wá ọ̀nà láti yọ tiransifọ́mà iná (ẹ̀rọ tó ń yí fóòtì iná ilé padà) kúrò, kí ọjà wọn má bàa wọ́n, kó sì fúyẹ́. Ohun tó mú kí rédíò yìí wọ ilé tálákà nìyẹn, òun náà ló sì mú kó lè pa ẹni tó bá fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ.

Ọ̀rọ̀ fáàfù fúnra rẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1904 ni John Ambrose Fleming, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe èyí tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Ní 1906, Lee de Forest ní Amẹ́ríkà fi wáyà kẹta sáàárín rẹ̀, fáàfù sì di ohun tó lè sọ ohùn tín-ín-rín di ńlá. Edwin Armstrong ló wá mú àrà tó dára jù wá ní 1918, nígbà tó jẹ́ sójà Amẹ́ríkà ní Paris. Ó ní kí rédíò má wulẹ̀ máa bá ìgbì ilé iṣẹ́ tó ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan jà, kó ṣe ìgbì tirẹ̀, kó pò ó mọ́ èyí tó ń bọ̀, kí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì máa jẹ́ iye kan náà nígbà gbogbo. Nínú rédíò tí à ń sọ yìí, iye náà jẹ́ 455 kHz. Bí ilé iṣẹ́ bá wà lórí 600, rédíò á ṣe 1055. Bó bá wà lórí 1000, á ṣe 1455. Ohun tí fáàfù tó kàn máa ń gbọ́ kì í yí padà, ìdí nìyẹn tó fi lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Superheterodyne ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà gbé e jáde fún títà ní 1924, ó sì di ẹ̀tọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin títí di 1930 kó tó gbà kí àwọn yòókù máa ṣe é.

Iná tí rédíò ń lò ló kù. Bátìrì ni wọ́n fi ń gbé e ní ọdún 1920 sí 1927: ọ̀kan fún híítà (wáyà tó ń gbóná nínú fáàfù), òmíràn tó le fún ohùn, àti ìkẹta kékeré. Èyí tó wà fún híítà ní áásìdì nínú, ó sì máa ń jò sórí kápẹ́ẹ̀tì onílé. Nígbà tó di 1927, fáàfù tó lè lo iná ilé jáde, tiransifọ́mà wá gba ipò bátìrì. Irin àti kọ́pà ni tiransifọ́mà, ó wúwo, ó sì wọ́n. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní 1929, iye tó wà lórí rẹ̀ di ohun tí oníṣòwò ò lè fojú fò dá. Yàtọ̀ sí èyí, iná DC (èyí tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo) ṣì ń ṣiṣẹ́ ní àárín àwọn ìlú ńlá kan, tiransifọ́mà tí wọ́n bá so mọ́ DC á jóná ni. Ní New York, 2007 ni wọ́n tó gé iná DC tó kẹ́yìn.

Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́kọ́ dá ò dára. Wọ́n so híítà àwọn fáàfù náà tẹ̀lé ara wọn lórí okùn kan: 6A7, 6D6, 75, 43 àti 25Z5. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń jẹ fóòtì 6.3 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, méjì ìkẹ́yìn ń jẹ 25. Àpapọ̀ rẹ̀ ò tó 70, nígbà tí iná ilé jẹ́ nǹkan bíi 117. Fóòtì 48 tó ṣẹ́kù ńkọ́? Inú wáyà tó lọ sí ara ògiri ni wọ́n fi rẹsítọ̀ sí láti jó o dànù, wáàtì bíi 14 sì ń di ooru nínú wáyà náà ní gbogbo ìgbà tí rédíò bá ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rí i pé wáyà náà gùn jù tó sì gé e kúrú, rẹsítọ̀ ló gé. Fóòtì á ya wọ inú fáàfù, híítà á já. Ẹni tó bá ká a pọ̀ sẹ́yìn kọ́tìnnì, iná ló ń wá. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má gé wáyà yẹn.

Ní 1939 ni wọ́n wá yanjú rẹ̀. Wọ́n ṣe fáàfù tuntun tí híítà wọn ń gba áǹpù 0.15 péré, wọ́n sì ṣírò fóòtì wọn kó lè bá ti ògiri mu: 12.6 lọ́nà mẹ́ta, 50 àti 35. Ẹ rò ó pọ̀, 122.8 ni. Kò sí ohun tí rẹsítọ̀ fẹ́ ṣe mọ́. Nọ́ńbà tó ṣáájú lára fáàfù ọ̀hún, fóòtì híítà rẹ̀ ni. Iṣẹ́ wọn náà ò ju márùn-ún lọ: 12SA7 ń pò ìgbì, 12SK7 ń gbé 455 ga, 12SQ7 ń yọ ohùn jáde kúrò lára ìgbì, 50L6GT ń ti sípíkà, 35Z5GT sì ń sọ iná AC (iná ilé tó ń lọ tó ń bọ̀) di DC. Lórí okùn híítà, 35Z5 àti 50L6 ló kọ́kọ́ gba iná, 12SQ7 ló máa ń gbẹ̀yìn. Ohùn tó wà nínú 12SQ7 ṣì kéré gan-an. Bí iná AC bá ga lára híítà rẹ̀, sípíkà á máa kùn. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi àwọn kéékèèké olẹ́sẹ̀ méje rọ́pò wọn, 12BE6, 12BA6, 12AV6, 50C5 àti 35W4. Ètò wọn ò yí padà.

Ilé iṣẹ́ Philips àti Mullard ṣe tiwọn fún Yúróòpù: UCH42, UF41, UBC41, UL41 àti UY41, áǹpù 0.1, àpapọ̀ fóòtì 116.6. Torí pé iná tiwọn lé ní 200, rẹsítọ̀ ńlá padà sínú rédíò, ó sì ń gbóná. (Nílé wa, àpótí tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ní Èkó láti 1935 àti ní Ìbàdàn láti 1939 kì í ṣe irú èyí rárá. Sípíkà tí wáyà gbé ohùn wá bá láti ilé iṣẹ́ ni, kò sí fáàfù nínú rẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí yíyọ tiransifọ́mà dá sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan iná ilé ló so mọ́ ṣásì, irin tí wọ́n to gbogbo rédíò lé. Bí púlọ́ọ̀gì bá kọjú sódì, irin náà di ẹsẹ̀ tó ní iná. Bó tilẹ̀ kọjú síbi tó yẹ, ewu wà: ara ẹsẹ̀ ṣásì yẹn gan-an ni síwíìṣì sábà máa ń wà, bí ẹ bá pa á, iná ṣì ń gba inú híítà wá sórí ṣásì. Rédíò tí ẹ ti pa lè gbé yín. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀bù fi jẹ́ ike, tí wọ́n sì fi páálí dí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú wáyà tó máa yọ bí ẹ bá ṣí i. Nọ́ọ̀bù tó ti sọnù, ẹ wá òmíràn kí ẹ tó tan rédíò. Lórí tábìlì iṣẹ́, tiransifọ́mà tó ya iná sọ́tọ̀ la fi ń lò ó.

Ẹni tó fẹ́ lò ó ní Nàìjíríà nílò stepdown, tiransifọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀ láti fóòtì 230 sí 110 tàbí 120. 50 Hz tí iná wa ń lò ò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ ṣọ́ra o: púpọ̀ nínú stepdown tó wà lọ́jà jẹ́ wáyà wíwé kan ṣoṣo tí wọ́n gé láàárín, kò ya ẹnikẹ́ni kúrò lára iná. Ẹ fi mítà wọn ọ́ọ̀mù láàárín ẹsẹ̀ tó gba iná wọlé àti ẹsẹ̀ tó gbé e jáde, láìsí pé ó wà lára iná. Bí mítà bá ka ohunkóhun, kì í ṣe irú èyí tó ń dáàbò boni.

Rédíò tó ti sùn fún ogún ọdún, ẹ má kì í bọ ara ògiri kí ẹ máa wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Híítà la kọ́kọ́ ń wò, torí bí ọ̀kan bá já, gbogbo márààrún ló kú. Ẹ yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka ẹsẹ̀ láti abẹ́, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yọ lára ṣóńṣó àárín. Lára 12SA7, 12SK7, 50L6GT àti 35Z5GT, ẹsẹ̀ 2 àti 7 ni híítà; lára 12SQ7, 7 àti 8 ni. Èyí tí mítà ò bá ka ohunkóhun lára rẹ̀ ti já.

Lẹ́yìn náà ni kàpásítọ̀, ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ tó sì ń dá DC dúró. Àwọn onípépà tí wọ́n fi ìda dí lójú ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mu láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo wọn ló ń jò, ẹ yọ gbogbo wọn. Àwọn pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ máíkà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tó dábùú iná ilé, tó sábà jẹ́ 0.05 µF, X2 nìkan, irú tí wọ́n ṣe fún dídábùú iná ilé, ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ńlá méjì tó ń sẹ́ iná, 50 àti 30 µF lórí fóòtì 150, ni ẹ lè fi 47 àti 33 lórí fóòtì 160 tàbí 200 rọ́pò. Ẹ má sọ pé 100 á dára jù, rẹ́ktífáyà (35Z5GT) ò lè ru u. Àwọn méjì yìí ló ń fa kíkùn hùn-ùn tí kì í dín kù bí ẹ tilẹ̀ yí ohùn sílẹ̀ pátápátá.

Nínú gbogbo kàpásítọ̀ yẹn, ọ̀kan ló burú jù. Òun ló wà láàárín 12SQ7 àti ẹsẹ̀ 5 lára 50L6GT, 0.01 µF lọ́pọ̀ ìgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí ohùn kọjá, kó sì dá DC dúró. Bó bá ń jò, DC á dé ibi tí kò yẹ, 50L6 á máa fa iná àfàjù. Ohùn á há, fáàfù á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, tiransifọ́mà kékeré ti sípíkà á jóná, 35Z5 á sì bá a lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tan rédíò bí a ṣe máa sọ nísàlẹ̀, ẹ fi mítà wọn ẹsẹ̀ 5 sí ẹsẹ̀ òdì iná. Òdo tàbí kó wà lábẹ́ òdo díẹ̀ ló yẹ. Bó bá ju òdo lọ, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì dára, lórí rẹsítọ̀ 150 ọ́ọ̀mù tó wà ní ẹsẹ̀ 8, fóòtì bíi 7 ni mítà á ka.

Nígbà tí ẹ bá tó fẹ́ tan án, ẹ so gílóòbù 40 wáàtì onífílámẹ́ǹtì mọ́ ọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. LED ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Gílóòbù á tàn yòò nítorí híítà ṣì tutù, lẹ́yìn náà ló máa rẹlẹ̀. Èyí tó bá dúró ní títàn yòò, ṣọ́ọ̀tì wà níbì kan.

Gílóòbù kékeré ojú rédíò, nọ́ńbà 47, tún ní ìtàn. Kì í ṣe ẹwà lásán ni wọ́n fi sí i. Wọ́n so ó mọ́ apá kan híítà 35Z5, láàárín ẹsẹ̀ 2 àti 3, ó ń bá a gbé lára iná tó ń lọ sí gbogbo rédíò. Bó bá kú tí ẹ ò pààrọ̀ rẹ̀, apá híítà yẹn nìkan ló máa ru ẹrù méjèèjì, a sì máa já. Fáàfù tí à bá fi gílóòbù kan gbà là!

Àwọn sukúrúù orí àpótí kékeré méjèèjì tó ń yan ìgbì 455 kHz, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ tó ń ṣe ìgbì. Bí ohùn bá ń ha yà bí ẹ ṣe ń yí nọ́ọ̀bù ohùn, ẹ fín omi tí wọ́n fi ń fọ ohun èlò iná (contact cleaner) sínú rẹ̀ nígbà tí rédíò wà kúrò lára iná. Áńtẹ́nà rẹ̀ ni wáyà tí wọ́n wé sára páálí ẹ̀yìn, ó sì ní ibi tó ń kọjú sí, nítorí náà ẹ yí gbogbo rédíò náà títí ohùn á fi mọ́. Ariwo gbìrìrì tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, ṣájà fóònù àti iná LED inú yàrá ló sábà ń fà á. Ẹ yọ wọn kúrò lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí èyí tó ń ṣe é.