Pátákó tó ní ẹ ti kúrò ní Amẹ́ríkà: kí ni Ọ̀yọ́túnjí gan-an?

Ìgbà tí wọ́n gún Ọba Adejuyigbe Adefunmi Kejì lọ́bẹ pa lóṣù Keje ọdún 2024 ni ọ̀pọ̀ wa nílé kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Ọ̀yọ́túnjí, abúlé tó jọba lé lórí. Pátákó ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ló wá da ọ̀rọ̀ rú mọ́ èèyàn lójú. Ó ní ẹni tó bá kọjá ti kúrò ní Amẹ́ríkà, ó ti wọ ilẹ̀ ọba Yorùbá.

Níbo ló wà?
Nítòsí Sheldon, lágbègbè Beaufort, ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Ẹ ó yà kúrò lójú títì márosẹ̀ 17, ẹ ó sì wọnú igbó. Ilẹ̀ náà tó éékà 27.

Ṣé orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ ni?
Rárá. Ọlọ́pàá Beaufort ló wá síbẹ̀ nígbà tí wọ́n pa ọba.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi kọ bẹ́ẹ̀?
Ẹ ka pátákó náà dé ìsàlẹ̀. Ó fi orúkọ Ọba Efuntola, bàbá Ọba Adejuyigbe tó tẹ ibẹ̀ dó, kí àlejò pé àlàáfíà, ó wá ní àwọn olórìṣà ló kọ́ abúlé náà láti fi bu ọlá fún àwọn baba ńlá wọn.

Detroit ni wọ́n bí Efuntola sí lọ́dún 1928, Walter Eugene King ni wọ́n sì sọ ọ́. Lọ́dún 1959 ó lọ sí Matanzas ní Kúbà, wọ́n fi í jẹ olórìṣà Ọbàtálá níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn Lùkùmí ni àwọn ará Kúbà ti gba òrìṣà yìí, èèyàn wa ni wọ́n, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun, tí ọ̀pọ̀ wọn lọ lásìkò tí Ọ̀yọ́ Ilé ń fọ́. Ó dá ilé òrìṣà sílẹ̀ ní Harlem. Nígbà tó di 1970, òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lọ ṣán igbó ní gúúsù. Kò sí iná mànàmáná, kò sí omi ẹ̀rọ. Àwọn kan kọlà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n wá sọ ibẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tún jí. Mo ti ka orúkọ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣì ń mú omi wá sójú mi.

Ṣé kì í ṣe pé ó kàn fi ara rẹ̀ jọba?
Ọ̀rọ̀ yìí ò dùn mọ́ mi. Abẹ́òkúta ló ti tẹfá lọ́dún 1972. Lọ́dún 1981, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé ní kí àwọn ìjòyè Ifẹ̀ ṣe ètò ìwúyè fún un ní Ilé-Ifẹ̀ gan-an, wọ́n sì fún un ní idà àṣẹ. Ó wàjà lọ́dún 2005, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n pa yìí ló gorí oyè.

Ẹnì kan ní kí n sanwó, kí wọ́n fi ìwé ọmọ Ọ̀yọ́túnjí mú mi wọ Amẹ́ríkà ńkọ́?
Ẹ má san kọ́bọ̀. Físà Amẹ́ríkà ni ẹ ó fi débẹ̀, bí ọjọ́ rẹ̀ bá sì pé, pátákó yẹn ò lè gbà yín.

Bí mo bá débẹ̀, kí ni kí n ṣe?
Wọ́n ń gba àlejò, wọ́n sì máa ń ṣọdún òrìṣà jálẹ̀ ọdún. Ẹ kí wọn ní Yorùbá. Bí ohùn wọn bá yàtọ̀ sí tiwa, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó ti dàgbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè tí àwọn olówò ẹrú já gbà lẹ́nu àwọn ìyá ńlá wọn.