Wáráńtì lórí ọkọ̀ kékeré tó ń sáré: ohun tó ń san àti ohun tí kì í san

Wáráńtì ọkọ̀ jẹ́ àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, ẹni tó tà á, tàbí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ta irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ bá ẹni tó ni ọkọ̀ ṣe, pé bí ẹ̀yà kan nínú ọkọ̀ náà bá bàjẹ́ láàárín àsìkò kan, tàbí kí ọkọ̀ tó rin iye máìlì kan, àwọn ni yóò tún un ṣe tàbí kí wọ́n san owó àtúnṣe rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú gbólóhùn yìí: ẹ̀yà wo ni, irú ìbàjẹ́ wo ni, kí sì ni ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣe kí wọ́n tó san owó. Àwọn ìbéèrè náà kan gbogbo ẹni tó ń ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kan ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ kékeré tó ń sáré, irú èyí tí wọ́n ń pè ní hot hatch ní Britain, ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti máa ń jẹ owó gan-an ni ibi tí wáráńtì kì í dé. Britain ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọjà irú ọkọ̀ yìí gbòòrò níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ náà sì ń bá wọn ná an.

Hatchback ni ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè tòun ti gíláàsì, tí bùútù rẹ̀ kò sì dá dúró lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ki ẹ́ńjìnnì alágbára bọ inú rẹ̀, tí wọ́n mú kí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ le sí i, tí wọ́n sì fún un ní bírékì tó tóbi ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó di hot hatch. Volkswagen Golf GTI, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní Frankfurt ní 1975, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1976, ló sọ irú ọkọ̀ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà náà kò ju lítà 1.6 lọ, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 110 hp (ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì). Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Ford Fiesta ST tó jáde ní 2018 ń fi ẹ́ńjìnnì lítà 1.5 tó ní pístìn mẹ́ta péré mú agbára 200 PS wá (PS fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú hp), Hyundai i20 N ń mú 204 PS wá, Toyota GR Yaris tó jáde ní 2020 sì ń pín 261 PS sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Agbára tí wọ́n ń fún pọ̀ jáde láti inú ẹ́ńjìnnì kékeré báyìí, tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú ẹ́ńjìnnì, ló ń mú un ṣeé ṣe. Ooru àti ìfúnpá tí tọ́bò ń mú wá kì í ṣe kékeré, ìdí sì nìyí tí ìtàn bí wọ́n ṣe tọ́jú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju ẹwà ara rẹ̀ lọ.

Gígùn wáráńtì yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, ó sì yẹ kí ẹni tó ń yan ọkọ̀ ka ìyàtọ̀ náà mọ́ iye owó ọkọ̀. Ní Britain, ọdún mẹ́ta tàbí 60,000 máìlì ni ti Ford, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ọdún mẹ́ta ni ti Volkswagen náà. Hyundai ń fúnni ní ọdún márùn-ún láìka iye máìlì, Kia sì ń fúnni ní ọdún méje tàbí 100,000 máìlì. Ti Toyota yàtọ̀ díẹ̀: lẹ́yìn tí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ bá parí, gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ ṣe sáfíìsì lọ́dọ̀ àwọn aṣojú wọn ni wáráńtì náà tún ń gùn sí i, títí ọkọ̀ yóò fi pé ọdún mẹ́wàá tàbí tí yóò fi rin 100,000 máìlì. Nítorí náà, bí Fiesta ST àti i20 N tó ti lo ọdún mẹ́rin bá wà níwájú yín ní iye owó kan náà, iye náà kò dọ́gba ní ti gidi, torí pé wáráńtì ọ̀kan ti parí nígbà tí ti èkejì ṣì ku ọdún kan. Ford ti dáwọ́ ṣíṣe Fiesta dúró láti oṣù Keje ọdún 2023, nítorí náà àlòkù ni gbogbo Fiesta ST tí ẹ bá máa rà báyìí.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó gbó àti ohun tó bàjẹ́ ni ìpìlẹ̀ gbogbo wáráńtì. Bí rọ́bà kan bá já nínú ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ sí ẹ́ńjìnnì, tàbí tí tọ́bò bá dákẹ́ lójijì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lò ó ní ìlòkulò, ìbàjẹ́ ni, wáráńtì sì wà fún un. Táyà, páàdì bírékì, dííìsì bírékì àti wáípà, gbígbó ni tiwọn, wáráńtì kì í sì í sábà san owó ohun tó gbó. Ọkọ̀ tó wúwo tó nǹkan bí 1,200 kg, tí gbogbo agbára rẹ̀ ń gba ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì jáde, yóò máa jẹ táyà iwájú àti bírékì kíákíá, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó rà á nítorí eré sísá. Owó wọ̀nyí ń bọ̀ láìṣe àní-àní, àpò ẹni tó ni ọkọ̀ ni yóò sì ti jáde.

Kílọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yà tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà tó sì ń já a kúrò lára rẹ̀, ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù, ó sì yẹ kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkọ̀ rin 30,000 máìlì, kílọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀: ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò sì rìn tó bí ó ṣe ń ké. Ẹni tó ni ọkọ̀ yóò sọ pé kò yẹ kí kílọ́ọ̀ṣì gbó tó báyìí ní 30,000 máìlì, òótọ́ sì lè wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè mọ̀ àfi bí wọ́n bá sọ gíà kalẹ̀ kí wọ́n sì wo inú. Bí wọ́n bá rí i pé sípíríǹgì kan kán, tàbí pé ọ́ìlì jò dà sí i lára láti ibòmíràn, wáráńtì lè san án. Bí ó bá jẹ́ pé ojú irin tí kílọ́ọ̀ṣì ń fara kàn ti ní àpá aláwọ̀ búlúù káàkiri, ooru ló fa ìyẹn, ooru náà sì máa ń ti ọwọ́ ẹni tó ń fi kílọ́ọ̀ṣì ṣeré ní iná ojú pópó wá. Wọn yóò kọ̀ láti san án. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè ṣáájú ni èyí: bí wọ́n bá kọ̀, ta ni yóò san owó iṣẹ́ tí wọ́n fi sọ gíà kalẹ̀? Ẹni tó ni ọkọ̀ ni. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tú u, ẹ béèrè iye owó náà, kí ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀.

Ohun kejì tó ń mú kí wọ́n kọ̀ láti sanwó ni sáfíìsì. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti àwọn nǹkan mìíràn, bí ẹ bá sì fo ọ̀kan, ẹ ti fún wọn ní ẹ̀rí tí wọn yóò fi já yín sílẹ̀. Ẹ wo gíà aládàáṣiṣẹ́ onípele mẹ́fà tí Volkswagen ń pè ní DSG, tó wà nínú ọ̀pọ̀ Golf GTI àtijọ́: ní gbogbo 40,000 máìlì ni ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà rẹ̀. Bí ọkọ̀ tó ti rin 55,000 máìlì kò bá ní rìsíìtì iṣẹ́ yìí, ẹni tó rà á ní gíà tí wáráńtì kò ní fẹ́ dáhùn fún. Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé ọ̀dọ̀ aṣojú ilé-iṣẹ́ nìkan ni ẹ ti gbọ́dọ̀ máa ṣe sáfíìsì. Lábẹ́ ìlànà ìdíje okòwò tí Britain tún ṣe, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ẹ lè gbé ọkọ̀ lọ sí ilé mẹkáníìkì aládàáni láìpàdánù wáráńtì ilé-iṣẹ́, bí wọ́n bá ti tẹ̀lé ìlànà sáfíìsì tí wọ́n sì lo pààtì tó tó òṣùwọ̀n. Ohun tó kù sí yín lọ́wọ́ ni kí rìsíìtì sọ iye máìlì, ọjọ́, àti irú ọ́ìlì tí wọ́n lò. Irú wáráńtì tó ń gùn sí i nípasẹ̀ sáfíìsì, bí ti Toyota, ni kò sí nínú èyí, torí pé lílọ sọ́dọ̀ wọn gan-an ni iye owó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àtúntò ẹ́ńjìnnì. Àwọn olólùfẹ́ irú ọkọ̀ yìí máa ń fẹ́ kí wọ́n yí ìlànà tó wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì padà kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá so ọkọ̀ Volkswagen tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ náà, ó lè gba àmì tí wọ́n ń pè ní TD1, láti ìgbà náà lọ ni wọn yóò sì máa kọ wáráńtì ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ra ìṣòro tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Pápá eré ọkọ̀ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wáráńtì ló yọ ìdíje kúrò pátápátá. Hyundai ti kéde ní Ọsirélíà pé lílọ sí pápá láìbá ẹnikẹ́ni díje kò ba wáráńtì àwọn ọkọ̀ N wọn (irú i20 N) jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn: ìwé tí wọ́n fún yín níbi tí ẹ ti ra ọkọ̀ ló ní àṣẹ.

Wáráńtì tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ àlòkù yàtọ̀ pátápátá sí ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, iye owó tí ẹ san fún un sì lè tàn yín jẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní ẹ san £450 fún ọdún kan, ìwé náà sì sọ pé àwọn kò ní san ju £1,000 lọ lórí ìbàjẹ́ kan, pé £60 ni àwọn yóò san fún wákàtí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pé ẹ̀yin ni yóò dá £100 àkọ́kọ́, àti pé àwọn kì í san owó àyẹ̀wò. Tọ́bò bàjẹ́. Pààtì rẹ̀ jẹ́ £900, iṣẹ́ rẹ̀ gba wákàtí mẹ́fà, ilé mẹkáníìkì ń gba £120 fún wákàtí kan, wọ́n sì gba £120 mìíràn fún àyẹ̀wò. Àpapọ̀ jẹ́ £1,740. Ilé-iṣẹ́ wáráńtì yóò ka pààtì sí £900 àti iṣẹ́ sí £360, èyí tó jẹ́ £1,260, wọn yóò gé e sí £1,000, wọn yóò yọ £100 kúrò, £900 ni yóò sì tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin yóò wá £840. Bí a bá yọ £450 tí ẹ ti kọ́kọ́ san, èrè tí wáráńtì ṣe fún yín nínú ọdún tí tọ́bò bàjẹ́ gan-an jẹ́ £450. Nínú ọdún tí ohunkóhun kò bàjẹ́, owó náà lọ nìyẹn. Èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ohun tó sọ ni pé iye tí wọ́n lè san mọ àti owó wákàtí iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nínú ìwé náà, kí ẹ tó wo ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀.

Òfin pẹ̀lú wà lẹ́yìn ẹni tó ra ọkọ̀, kò sì gba owó kankan. Consumer Rights Act ti 2015, òfin Britain lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà, fún ẹni tó ra ọkọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà láàárín ọjọ́ 30 bí àléébù tó ti wà nígbà tí ó gbà á bá hàn. Bí àléébù bá hàn láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, òfin gbà pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, oníṣòwò ni yóò sì fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí náà, bí gíà bá bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí oníṣòwò sì ní kí ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ wáráńtì, ẹ má gbà. Gbèsè tirẹ̀ ni ó ń tì sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Ẹ̀tọ́ yìí kò sí fún ẹni tó ra ọkọ̀ lọ́wọ́ aládàáni tí kì í ṣe oníṣòwò ọkọ̀, ìyẹn sì wà lára ìdí tí ọkọ̀ aládàáni fi máa ń dínwó.

Ní tèmi, wáráńtì ilé-iṣẹ́ tó ṣì kù lórí ọkọ̀ ló dára jù, èyí tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń tà láti fi kún un ló tẹ̀ lé e, ti àwọn mìíràn sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹni tí owó àtúnṣe £2,000 lẹ́ẹ̀kan náà yóò kó sí gbèsè ní ìdí tó dájú láti ra wáráńtì. Ẹni tó bá lè fi £450 yẹn pamọ́ lọ́dọọdún sí àpamọ́ tí kò ní fọwọ́ kàn, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ní ìwé sáfíìsì pípé, lè dá ṣe wáráńtì ara rẹ̀. Ní ti ẹni tó ń ra ọkọ̀ ní Britain pẹ̀lú èrò àtifi í ránṣẹ́ sí Èkó tàbí Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, kí ó ka inú ìwé náà dáadáa kí ó tó san owó kún iye ọkọ̀ nítorí wáráńtì tó kù: orílẹ̀-èdè tàbí agbègbè tí àdéhùn náà ti ń ṣiṣẹ́ máa ń wà nínú rẹ̀, wáráńtì tí wọ́n ṣe fún Britain kì í sì í sábà bá ọkọ̀ dé èbúté Àpápá.